Aago Méjì Lára Ògiri Bàbá Ará Málítà

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, pẹ̀lú bírò búlúù, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá náà: kò mọ aago. Mo kọ ọ́ ní Mọ́ńdè, mo kọ ọ́ ní Wẹ́sìdé, mo tún kọ ọ́ ní Fúráìdé, mo sì fa ìlà sí abẹ́ ti Fúráìdé kí ọ̀gá mi lè rí i pé ojú mi wà lára iṣẹ́. Orí fíríìjì ni ìwé àkọsílẹ̀ náà máa ń wà. Ohun tí bàbá bá jẹ, oògùn tó lò, iye ìgbà tó lọ ilé ìtọ̀, inú rẹ̀ ni à ń kọ ọ́ sí. Òfin wọn ni pé ohun tí a bá ti kọ, a kò gbọdọ̀ pa á rẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1989 ni nígbà náà. Èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Rogers Park, yàrá kan àti pálọ̀, nínú ilé alájà mẹ́rin tí àwa ará Nàìjíríà àti Gánà kún bámúbámú. Ọkọ mi ń wa takisí lọ́sàn-án, ó ń lọ sí kíláàsì kọ̀ǹpútà ní ìrọ̀lẹ́. Èmi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láàárọ̀, láti ọ̀sán títí di aago mẹ́jọ mo ń tọ́jú arúgbó nínú ilé wọn. Ilé bàbá náà kò jìnnà sí tiwa, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn débẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, ń gbé ní Matteson, ìsàlẹ̀ gúúsù pátápátá, Sọ́ńdè Sọ́ńdè ló ń wa mọ́tò wá wò ó.

Mo bi í pé níbo ló ti wá, ó ní Málítà. Erékùṣù kékeré kan ni, nínú òkun tó wà láàárín Ítálì àti Líbíà. Mo ti gbọ́ orúkọ náà rí. Ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù ni bàbá mi fi mí sí ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí a tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, tíṣà wa sì sọ fún wa nípa àpọ́sítélì tí ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ lẹ́bàá erékùṣù kan, tí paramọ́lẹ̀ so mọ́ ọn lọ́wọ́, tó gbọ̀n ọ́n sínú iná tí ohunkóhun kò ṣe é. Èmi ti rò pé inú ìtàn nìkan ni irú ìlú bẹ́ẹ̀ ń wà, bí ìlú tí Ìjàpá máa ń lọ jẹ àsè. Bàbá ní láti ọjọ́ náà kò sí ejò kankan ní Málítà tó tún ní oró. Mo bi í bóyá ó ti tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ rí láti fi mọ̀.

Lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, lókè tẹlifíṣọ̀n, aago méjì ló wà, wọ́n dọ́gba bí ìbejì. Ti apá ọ̀tún ń ṣiṣẹ́. Ti apá òsì ti dúró sójú kan, ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ti kọ́ wa níbi iṣẹ́ pé kí a máa bi àwọn arúgbó ní aago, kí a lè mọ̀ bóyá orí wọn ṣì pé. Bí mo bá bi bàbá pé, “Sà, aago mélòó ló lù?” yóò wo ojú mi, yóò wo ògiri, yóò ní, “Mọ́kànlá kọjá ogún.” Ní aago méjì ọ̀sán o. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Mo mi orí, mo káàánú rẹ̀, mo lọ kọ ọ́ sínú ìwé.

Èmi kò lè rí ohun tó bàjẹ́ kí n máa wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo ra bátìrì ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lábẹ́ ojú irin, mo gun àga, mo fi bátìrì sínú aago òsì, mo yí i títí tó fi bá èkejì mu. Bàbá jáde láti yàrá, ó dúró, ó gbójú sókè. Mo ń retí kó dúpẹ́. Ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ló fi lu tábìlì, ife tíì fò sílẹ̀.

“Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án?”

Kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán, kò jẹ ti alẹ́. Èmi náà kì í ṣe ẹni tí à ń pariwo mọ́. Mo ní kó máa bínú lọ, owó mi ni mo fi ra bátìrì. Mo kó abọ́ kúrò níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ariwo tí kò yẹ kí àwo ṣe.

Nígbà tí mo délé, mo rò ó fún ọkọ mi. Ó ń bọ́ bàtà lọ́wọ́.

“Ṣé o lọ tún aago onílé ṣe? Did he ask you?”

“Kò ask mi, ṣùgbọ́n it was wrong now.”

“Wrong fún ta ni?”

Ìbéèrè ọkọ mi máa ń bí mi nínú, nítorí pé ó sábà máa ń tọ̀nà. Ní ọjọ́ kejì, mo yọ bátìrì, mo dá ọwọ́ aago padà sí mọ́kànlá kọjá ogún, mo sì kúnlẹ̀ kí bàbá. Ìkúnlẹ̀ Amẹ́ríkà ni, eékún kò kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i. Ó ní kí n mú fọ́tò kan wá láti inú dúrọ́ọ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn ló wà nínú fọ́tò náà. Ó ní ilé ìṣọ́ méjì, aago kan sì wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá ní ọ̀kan ń sọ òótọ́, èkejì, ọ̀dà ni wọ́n fi yà á sára òkúta, kò lè rìn láéláé. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní erékùṣù wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé kí ni ìdí rẹ̀. Ó ní kí Ṣàìtánì má baà mọ ìgbà tí ìsìn ń bẹ̀rẹ̀, kó má wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èdè rẹ̀ ló fi pe orúkọ ẹni ibi náà, mo sì ní kó tún un pè. Ó tún un pè. Ṣàìtánì tí wọ́n kọ́ mi ní ilé kéwú gan-an ni. Bàbá tó so ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mọ́ ọwọ́, tí àwòrán Màríà wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀!

Ó ní bàbá òun gbé aago méjì kọ́ sí ilé, òun náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun dé Ṣíkágò. Ẹni tí òun kò bá tíì mọ inú rẹ̀, ti apá òsì ni òun ń kà fún un. “Ìwọ, ọjọ́ kìíní tí o dé, ìwé lo kọ́kọ́ gbé. O bi mí ní ìbéèrè, o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ni kí n rò?”

Ojú tì mí. Ẹlòmíràn lè ní kò yé òun, ṣùgbọ́n èmi kọ́. Ìyá bàbá mi kì í sọ ọjọ́ ìrìn-àjò fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí mo ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, gbogbo àdúgbò wa rò pé Ìbàdàn ni mò ń lọ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí àlejò bá bi ìyá mi pé ọmọ mélòó ló bí, yóò ní Ọlọ́run ló mọ iye wọn, yóò sì bu omi fún un. Bí wọ́n bá gbé ìyá mi wá sí Ṣíkágò, tí ọmọdé kan tó mú bírò dání bi í ní irú ìbéèrè yẹn, wọn ì bá ti kọ ọ́ pé kò lè ka ọmọ tó bí.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí n ṣí ojú ìwé tuntun, kí n kọ ọ́ pé àṣìṣe ni mo kọ́kọ́ kọ. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi ti yìn mí lórí fóònù pé ojú mi ríran, mo sì fẹ́ràn ìyìn náà. Mo tún ń bẹ̀rù pé wọn yóò ní n kò mọ iṣẹ́. Mo jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni èmi àti bàbá ti di ọ̀rẹ́. Ó ń sọ ìtàn ìlú rẹ̀ fún mi bí mo bá ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn apẹja wọn máa ń ya ojú méjì sí imú ọkọ̀, kí ọkọ̀ lè rí ọ̀nà. Ó ní àwọn ilé ìsìn kan wà níbẹ̀ tí òkúta wọn tóbi débi pé òmìrán obìnrin kan ni àwọn àgbà sọ pé ó rù wọ́n lórí. Nígbà ogun Hítílà, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ló ti ń ṣiṣẹ́. Bọ́ǹbù rọ̀ lé wọn lórí bí òjò, ọ̀kan wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì kan láti òrùlé lọ́jọ́ tí èrò kún ibẹ̀, ó yí gbirigbiri nílẹ̀, kò sì bú. Ọba Gẹ̀ẹ́sì wá fún gbogbo erékùṣù ní àmì ẹ̀yẹ kan ṣoṣo. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe pín in. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Ó tún máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. “Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ dó tì wá nígbà kan, gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kò rí wa mú.”

“Sà, Túúkì nìyẹn. Ará Ìjẹ̀bú ni mí.”

“Kò burú. Bí o bá rí wọn, bá mi kí wọn.”

Lárúbáwá ti jọba níbẹ̀ rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n lọ, ẹ̀sìn wọn bá wọn lọ, ṣùgbọ́n èdè wọn kò rí ọkọ̀ wọ̀. Álà ni bàbá ń pe Ọlọ́run. Ọjọ́ tí èmi ń pè ní Àlàmísì, Hamís ni tirẹ̀. Jímọ̀ mi, Jímà ni. Nígbà tí ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde bẹ̀rẹ̀, tó ní òun kò jẹ ẹran, òun kò fi ṣúgà sí tíì, Randán ló pè é. Mo ní, “Bàbá, tiwa nìyẹn!” Ó ní tiwọn ni. A jiyàn lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó parí tirẹ̀ tí tèmi bẹ̀rẹ̀. Mo lẹ ìwé tí mọ́ṣáláṣí fi ń pín àkókò ìṣínu mọ́ ara fíríìjì. Bàbá há gbogbo rẹ̀ sórí. Bí ó bá ti ń di ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó sí iwájú ògiri, yóò máa wo aago ọ̀tún, yóò ní kí n gbé dàbínù sítòsí. Bí àkókò bá pé, yóò kà á fún mi pẹ̀lú ìṣẹ́jú rẹ̀, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà a ó jọ jẹ búrẹ́dì tó fi tòmátì pa lára, tó da òróró sí, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ní ìlú rẹ̀.

Àárín ààwẹ̀ náà ni bàbá ṣubú ní ilé ìwẹ̀. Egungun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba ọmọ rẹ̀. Ó dé láti Matteson, ó dúró sí kíṣìnnì, ó sunkún. Ó ní òun kò lè máa sùn mọ́, ilé ìtọ́jú arúgbó kan wà nítòsí òun, ibẹ̀ ni òun fẹ́ kí bàbá lọ. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Bàbá gbọ́, ó ní òun kò lọ. Ó ní inú bẹ́ẹ̀dì tí ìyàwó òun kú sí ni òun fẹ́ kú sí. Èyí tí ó sọ lẹ́yìn ìyẹn, èdè ìlú rẹ̀ ló fi sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀.

Wọ́n rán obìnrin kan wá láti ilé-iṣẹ́ wa kó yẹ orí bàbá wò. Bí ó bá pé, bàbá yóò dúró sílé rẹ̀. Bí kò bá pé, Matteson yá. Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ kó wá lẹ́yìn iṣẹ́ kí òun lè wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó fi di aago mẹ́fà ààbọ̀ kí gbogbo wa tó jókòó. Obìnrin náà gbé fáìlì lé orí ẹsẹ̀. Ó bi bàbá ní orúkọ rẹ̀, ó dáhùn. Ó bi í ní ọdún tí a wà, orúkọ ààrẹ, ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀, ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, “Aago mélòó ló lù báyìí, sà?” Aago ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó ń wò bó ṣe ń bi í.

Bàbá wo ojú rẹ̀. Ó wo fáìlì. Ó wo ògiri. “Mọ́kànlá kọjá ogún.”

Obìnrin náà yọ ìwé kan láti inú fáìlì. Ẹ̀dà ojú ìwé tèmi ni, Mọ́ńdè, Wẹ́sìdé, Fúráìdé, pẹ̀lú ìlà tí mo fà. Àfọwọ́fà pátápátá.

“Ìwọ lo kọ èyí?”

Mo ní èmi ni. Mo ní àṣìṣe ni, n kò tíì mọ̀ ọ́n nígbà náà. Mo rò fún un nípa ṣọ́ọ̀ṣì, nípa aago ọlọ́dà, nípa Ṣàìtánì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ bó ṣe ń dún létí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ bàbá la ojú sílẹ̀. Ó ní àtìgbà tí òun ti wà lọ́mọdé ni òun ti rò pé aago náà bàjẹ́ ni. Aago wà lọ́wọ́ tirẹ̀ náà, kò bi bàbá rẹ̀ ní aago rí.

Obìnrin onífáìlì ní kò burú, bí ó bá jẹ́ pé bàbá mọ aago, tó kàn ń fi í pamọ́ ni, kí ó sọ òótọ́ fún òun báyìí. Mo kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí eékún mi méjèèjì kan kápẹ́ẹ̀tì. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn.”

Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. “Mọ́kànlá kọjá ogún,” ó wí.

Mo dìde, mo lọ sí kíṣìnnì. Inú bí mi sí bàbá, inú bí mi sí obìnrin náà, ṣùgbọ́n ara mi gan-an ni mo bínú sí jù. Mo ṣí omi, mo ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Mo ń gbọ́ bí ọmọ bàbá ṣe ń béèrè iye yàrá tó wà ní ilé arúgbó. N kò rántí oòrùn, n kò rántí dàbínù.

“Ọmọ mi!” Ohùn bàbá ni, ó le. Mo yọjú. Aago ọ̀tún ló ń wò. “Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Oòrùn ti wọ̀. Ṣínu.”

Obìnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ògiri. Ó dìde, ó rìn dé ibi fíríìjì, ó fi ìka tọ ìwé àkókò ìṣínu títí ó fi dé ọjọ́ òní. Mo fi dàbínù sẹ́nu, omijé sì ń bá a wọlé.

“Kí ló dé tí ẹ sọ ọ́ fún un, tí ẹ kò sọ ọ́ fún mi?” obìnrin náà bi bàbá.

“Òun kò tíì jẹun láti àárọ̀,” bàbá dáhùn. “Ìwọ ti jẹun.”

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jókòó padà. Ó ní òun lè fagi lé ohun tí òun kọ, ṣùgbọ́n ìwé tèmi ṣì wà nínú fáìlì, àfi bí ẹni tó kọ ọ́ bá kọ òmíràn. Ó na bírò sí mi. Mo kọ ọ́ pé ohun tí mo kọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́. Mo kọ ọ́ pé láti ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti mọ̀, oṣù mẹ́ta sì kọjá tí n kò sọ ọ́. Mo buwọ́ lù ú.

Bàbá dúró sílé rẹ̀. Èmi ni wọ́n mú kúrò. Lọ́jọ́ kẹta ọ̀gá mi pè mí, ó ní ẹni tó mọ̀ pé àkọsílẹ̀ òun kò tọ́, tó sì pa ẹnu mọ́, kò lè padà sí ilé náà. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan ní Skokie tó ní ológbò márùn-ún. N kò lè ní wọ́n ṣàìtọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ ojú irin Skokie ni mo ti ṣínu lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ka aago fún mi, ó sì dùn mí dé egungun.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, mo dín ẹran, mo se ìrẹsì, mo ra tòmátì tó pọ́n dáadáa. Mo pe bàbá lórí fóònù pé mò ń bọ̀ ní aago méjì. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì pẹ́. Ọmọbìnrin tí wọ́n fi rọ́pò mi ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ Yorùbá, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó dé Amẹ́ríkà. Ó kúnlẹ̀ gidi.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ ṣe shift yìí before, àbí? Bàbá yìí, he's not okay o. Ẹ wò ó.” Ó yíjú sí bàbá tó jókòó sí iwájú ògiri. “Sir, what time is it?”

Bàbá wo ojú rẹ̀, ó wo ògiri. “Mọ́kànlá kọjá ogún.”

“Ẹ ò rí i? Every day.” Ó ti na ọwọ́ sí orí fíríìjì, bírò wà ní ọwọ́ kejì, búlúù.

Mo fi ọwọ́ lé ìwé náà kí ó tó ṣí i. “Àbúrò, dúró ná. Lọ́jọ́ tí o ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, ta lo sọ fún?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó mọ̀ o! Mummy mi ní kí n sọ pé Ìlọrin ni mò ń lọ.”

“Ó dáa. Fi bírò sílẹ̀, wá jókòó.”

Bàbá kò wo ọ̀dọ̀ wa. Aago ọ̀tún ló gbójú sí.

“Mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá,” ó sọ fún mi. “Láti aago méjì ni mo ti ń retí rẹ.”